Ilẹ̀ Ni Í Yan Irin

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ọdún 1988 ni. Ihò kejìdínlógún ló kù fún Sandy Lyle ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òun àti Mark Calcavecchia sì wà ní ọgbọọgba. Lyle kò fa driver yọ nínú báàgì. Irin nọ́ńbà 1 ló fi gbá bọ́ọ̀lù láti orí tíì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà lọ bọ́ sínú bọ́ńkà tó wà lápá òsì. Láti inú iyanrìn yẹn, irin nọ́ńbà 7 ló mú. Bọ́ọ̀lù gbéra láìkan ètè bọ́ńkà, ó balẹ̀ sórí gíríìnì, ó kọjá àsíá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà bọ̀ wá sí ìtòsí ihò. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Bí ó ṣe di ará Britain àkọ́kọ́ tó gba ìdíje Masters nìyẹn.

Èkó ni ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ gba ife lẹ́yìn tó di ẹni tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Nigerian Open ti ọdún 1978 ni. Láyé ìgbà yẹn, gíríìnì tiwa kì í ṣe koríko. Iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni, tí wọ́n ki mọ́lẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Browns ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè é. Kádì a máa gbá ojú ọ̀nà fún bọ́ọ̀lù kí ọ̀gá rẹ̀ tó tì í. Ilẹ̀ Augusta ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gíríìnì rẹ̀ sì ń yọ̀ débi pé bọ́ọ̀lù tó ti dúró lè tún máa lọ. Ilẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ kan náà ló ṣiṣẹ́ ní ibi méjèèjì, torí pé ẹni tó ni ọwọ́ náà mọ ohun tí ilẹ̀ tó dúró lé ń bèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, n kò sì ní lọ́ ọ lẹ́nu: ẹni tó bá fẹ́ ra irin gọ́ọ̀fù, kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ pápá tó máa ń gbá jù. Lẹ́yìn náà kó wo ara rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kó tó wo orúkọ tí wọ́n kọ sára irin.

Ní ọ̀pọ̀ kíláàbù wa, ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdíje ńlá hàn lórí tẹlifíṣàn lópin ọ̀sẹ̀, kí Ọjọ́rú tó pé, àwọn kan á ti máa bèèrè irú irin tí ẹni tó gbégbá orókè lò. Ọ̀rẹ́ á ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ní London tàbí Houston. Owó á jáde, ẹrù á dé, irin náà á máa dán gbinrin nínú báàgì. Nígbà tó bá di orí pápá, kò ní bá ilẹ̀ mu, kò ní bá ọwọ́ mu, ẹni tó rà á á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gbá. Ó máa ń dùn mí púpọ̀, nítorí irin tí kò tó ìdá mẹ́ta owó yẹn ì bá ti ràn án lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe orí irin gọ́ọ̀fù. Èkíní ni rírọ: wọ́n á ki irin tó rọ̀ bọ iná títí ó fi pọ́n, ẹ̀rọ ńlá á sì lù ú títí ó fi gba ìrísí. Hiroshima ní orílẹ̀-èdè Japan ni wọ́n ti ń rọ irin Mizuno, àwọn tó sì ń gbá a kì í yé sọ bí ó ṣe máa ń dùn mọ́ni lọ́wọ́ bí bọ́ọ̀lù bá bá àárín rẹ̀. Èkejì ni dídà. Wọ́n á fi ìda mọ ìrísí orí irin náà, wọ́n á fi ohun tó le bí ìkòkò sísun bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á sì da irin yíyọ́ sínú àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọgbọ́n ìda yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Òun ni àwọn baba wa fi da àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹni tó bá ń fojú pa irin dídà rẹ́ pé iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ni, kó lọ wo àwọn orí yẹn dáadáa kó tó tún sọ̀rọ̀.

Dídà yìí ló jẹ́ kí irin tó ń darí àṣìgbá jini dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Karsten Solheim, tí wọ́n bí ní Norway ní ọdún 1911, jẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ General Electric. Gáréèjì ilé rẹ̀ ní California ló ti dá Ping sílẹ̀ ní ọdún 1959. Irin ayé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní bíléèdì, pẹlẹbẹ ni, ìwúwo rẹ̀ wà ní àárín. Bí bọ́ọ̀lù bá bá àárín yẹn, kò sí ohun tó dára tó o. Bí ó bá kan etí, orí irin á yí lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù á yà, kò sì ní jìnnà. Solheim gbẹ́ ẹ̀yìn irin náà, ó kó ìwúwo lọ sí etí rẹ̀ yíká, orí irin kò sì tètè yí mọ́. Nígbà tí Eye 2 jáde ní ọdún 1982, ayé gọ́ọ̀fù gba ọgbọ́n náà tọwọ́tẹsẹ̀. Lónìí, bóyá wọ́n rọ ọ́ ni o tàbí wọ́n dà á, irin ẹ̀yìn-jíjìn ló pọ̀ jù ní ọjà.

Ẹnìkan lè sọ pé Tiger Woods, ìlúmọ̀ọ́ká agbágọ́ọ̀fù, ń lo bíléèdì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ já gaara ló wà nígbà tí baba rẹ̀ ti fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù lé e lọ́wọ́, àti ìgbà yẹn ni kò sì ti fi sílẹ̀. Lóòótọ́, bíléèdì ń jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lè darí bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Ẹni tó ń gbá lọ́jọ́ Sátidé nìkan, tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, kò nílò irin tó máa fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn-jíjìn ni kó rà, kó má sì tijú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, tí mo gbà pé ó ń kó àwọn òǹrajà ṣìnà ju ohunkóhun lọ. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ irin kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí. Ohun tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe ga tó àti bí yóò ṣe jìnnà tó ni bí ojú irin ṣe dagun sẹ́yìn tó, ìyẹn dígírì rẹ̀. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, irin nọ́ńbà 7 sábà máa ń wà láàárín dígírì 35 sí 37. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ń ta irin nọ́ńbà 7 tó jẹ́ 28 tàbí 30 fún àwọn tí kò tíì gbówọ́. Irin nọ́ńbà 5 ayé àtijọ́ ni, nọ́ńbà ni wọ́n yí padà. Ẹni tó dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù á rí i pé òun fi yáàdì 15 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó. Kì í ṣe ẹ̀tàn pátápátá, nítorí pé wọ́n ti fa ìwúwo irin náà wálẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè ga bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìyà rẹ̀ ti ń hàn, ní ìsàlẹ̀ báàgì. Wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn irin ìgbá kúkúrú, tó bá àwọn irin bẹ́ẹ̀ wá lè jẹ́ dígírì 43, wẹ́ẹ̀jì iyanrìn sì jẹ́ 56. Dígírì 13 ló ṣí sílẹ̀ láàárín méjèèjì! Irin sí irin, dígírì mẹ́rin tàbí márùn-ún ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá dúró sí 95 yáàdì sí gíríìnì, tí irin kan ń gbé e kọjá, tí èkejì kò sì gbé e dé, kí ló fẹ́ ṣe? Nítorí náà, ẹ bèèrè dígírì gbogbo irin tó wà nínú ìdì kí ẹ tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Òfin ni pé ọ̀pá 14 péré ló lè wà nínú báàgì. Ọdún 1938 ni Amẹ́ríkà fi èyí lélẹ̀, àjọ R&A ti Scotland sì tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn kan ń kó ohun tó lé ní 20, àwọn kádì ló sì ń jìyà rẹ̀. Òfin yìí ló sọ yíyan irin di ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀, torí pé bí o bá fi ọ̀kan kún un, o ní láti yọ ọ̀kan.

Mo ti fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an báyìí, ìyẹn abẹ́ irin. Ẹ dojú irin dé, ẹ wo ibi tó ń kan ilẹ̀. Bí abẹ́ náà bá fẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ sísàlẹ̀ ju etí iwájú lọ, irin náà kì í wọlẹ̀. Ó máa ń fò lójú ilẹ̀. Bounce ni wọ́n ń pe yíyọ yẹn, dígírì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Wẹ́ẹ̀jì tó ní 12 tàbí 14, ilẹ̀ tó rọ̀ àti iyanrìn tó jìn ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó ní 4 tàbí 6, ilẹ̀ líle ló yẹ.

Ilẹ̀ wa ńkọ́? Ilẹ̀ méjì ni. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, òjò á ti rọ̀ títí, koríko á mu omi yó, ẹsẹ̀ á máa rì. Irin tí abẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín á wọlẹ̀ lọ bí ọkọ́, á hú ebè, bọ́ọ̀lù á sì sún síwájú díẹ̀ péré. Nígbà tó bá di oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ pupa wa á gan, á le koko. Irin abẹ́-fífẹ̀ tó gbani lọ́wọ́ ẹrẹ̀ ní oṣù Keje á wá máa ta lójú ilẹ̀, etí iwájú rẹ̀ á gbá bọ́ọ̀lù ní àárín ikùn, bọ́ọ̀lù á fò ṣòòrò kọjá gíríìnì wọ inú igbó. Ẹni tó ń gbá a á ní ọwọ́ òun ló bàjẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò bàjẹ́, àsìkò ló yí padà.

Àṣìṣe mìíràn tó gbilẹ̀ láàárín wa ni pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó ló ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀. Òdìkejì ni òótọ́. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ omi nínú fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tó gbẹ lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́ ju tútù lọ. Irin kan náà á gbé bọ́ọ̀lù jìnnà ní Ìkòyí ju bí yóò ti gbé e lọ ní etíkun Scotland nígbà òtútù. Ní Jos, tó fi ẹgbẹ̀rún mítà àti díẹ̀ ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ tún fúyẹ́ sí i, ẹni tó bá sì ti Èkó gòkè lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ irin kan kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kúrú nígbà òjò ni ilẹ̀ tó rọ̀, tí bọ́ọ̀lù kò lè yí mọ́ lẹ́yìn tó bá balẹ̀.

Bí a bá ń sọ ti ilẹ̀ líle, kò sí pápá tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ bíi St Andrews ní Scotland. Bí wọ́n bá ní kí n mú pápá kan ṣoṣo láyé, òun ni n ó mú, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ sì ju ti gọ́ọ̀fù lọ. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni. Kì í ṣe ti ọlọ́lá kan, kì í ṣe ti kíláàbù kan. Àjọ tí òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1974 ló ń bójú tó o fún ará ìlú. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course. Ará ìlú a máa rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ajá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbá lọ́jọ́ mìíràn lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ìbò, ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ihò gọ́ọ̀fù di 18. Ihò 22 ni tẹ́lẹ̀, ní ọdún 1764 ni wọ́n pa àwọn kan pọ̀. Gíríìnì méje níbẹ̀ ló jẹ́ ti ihò méjì-méjì, bí a bá sì ro nọ́ńbà ihò méjèèjì pọ̀, 18 ló ń jẹ́: ìkejì pẹ̀lú ìkẹrìndínlógún, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ńkà 112 ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 1921, nígbà Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ilẹ̀ Britain, Bobby Jones, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tí kì í gbowó gbá, bọ́ sínú ọ̀kan ní ihò kọkànlá, ìbínú sì mú un fi ìdíje náà sílẹ̀ láìparí. Ó padà wá ní 1927, ó gba Open níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ìlú wọn ní 1958. Ní ọdún 2000, Tiger Woods gbá ọjọ́ mẹ́rin gbáko lórí pápá yìí láìwọ bọ́ńkà kan ṣoṣo, ó sì fi ìgbá mẹ́jọ na ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ etíkun yẹn, iyanrìn ló wà lábẹ́ rẹ̀, koríko rẹ̀ kúrú, ó sì le. Afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Bọ́ọ̀lù tó bá ga jù, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ ibi tó wù ú. Ìgbá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbá, tí bọ́ọ̀lù á balẹ̀ níwájú gíríìnì tí á sì máa yí wọlé. Irin abẹ́-tín-ín-rín, bounce kékeré. Ohun tó jẹ mí lógún níbẹ̀ ni pé pápá wa nígbà ọyẹ́ ń bèèrè irú ìgbá kan náà. Ìdíje Open tí wọ́n gbá ní Hoylake, nítòsí Liverpool, ní ọdún 2006 fi èyí hàn kedere. Oòrùn ti mú koríko gbẹ, gbogbo pápá ti pọ́n bí pápá Ìbàdàn ní oṣù Kìíní. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Woods lo driver ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin. Irin ló fi ń gbá láti orí tíì, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ kó máa sáré lọ, kò sì jẹ́ kí ó dé ibi tí bọ́ńkà wà. Ìgbá méjì ló fi borí. Ìgbàkígbà tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń rọ àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n wá fídíò ìdíje yẹn wò, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ilẹ̀ wa.

Augusta ni ìdàkejì. Bobby Jones kan náà ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Clifford Roberts, Alister MacKenzie sì bá a ya ilẹ̀ náà. Masters àkọ́kọ́ wáyé ní 1934. Ó lẹ́wà, mi ò lè sẹ́ ìyẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ ń bèèrè irin tó ń gbé bọ́ọ̀lù ga fíofío, tó sì ń jẹ́ kó balẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ihò kejìlá, tí kò ju yáàdì 155 lọ, ń kọjá lórí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Rae's Creek. Irin nọ́ńbà 8 tàbí 9 tó fún ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ atẹ́gùn tó ń yí láàárín àwọn igi ti dójú ti àwọn àgbà níbẹ̀. Lọ́dún 2020, Woods, ọ̀gá tí a ti ń pọ́n láti òkè, gbá ìgbá mẹ́wàá ní ihò yẹn.

Mi ò lè fẹ́ràn Augusta bí mo ṣe fẹ́ràn St Andrews, nítorí ìtàn Lee Elder. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Texas yìí wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1971, ó sì gba Nigerian Open. Ilẹ̀ wa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní 1975, ni Masters tó ní aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ lórí pápá rẹ̀, Elder ni ẹni náà. Ó di 1990 kí kíláàbù náà tó gba ọmọ ẹgbẹ́ dúdú, ó sì di 2012 kí obìnrin tó wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021, wọ́n pe Elder padà wá láti jókòó síbi ìgbá ìṣíde gẹ́gẹ́ bí ẹni iyì. Kí ọdún náà tó parí, ó kú. Bí a bá ń ka pápá tó dára, ó yẹ ká ka bí wọ́n ṣe gba ènìyàn mọ́ra mọ́ ọn.

Nílé ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ti Ìkòyí bẹ̀rẹ̀. Ikoyi Club ti wà láti 1938, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ó sún mọ́ omi, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ irin. Ẹni tó bá ń gbá níbẹ̀ tó sì ra wẹ́ẹ̀jì tí wọn kò fi kóróòmù bò, kó máa nù ún lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpẹtà á bò ó. Nígbà tí browns ṣì wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tì ń gbá àgbàyanu ní Èkó: ní ọdún 1981, Peter Tupling gbá ìgbá 255 péré fún ihò 72 ní Nigerian Open.

Ti IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú tiwa. Ihò mẹ́sàn-án péré ni, a ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì ni. Inú ọgbà tó tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ló wà, adágún omi ń bẹ níbẹ̀, igbó kan sì ń bẹ tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Ẹyẹ kan tó ṣọ̀wọ́n láyé tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn, Ibadan malimbe, ń gbé nínú igbó yẹn. Ẹni tó bá gbá ìgbákúgbà níbẹ̀ á ṣì rí ohun tó máa tù ú nínú. Irin àárín ni mo máa ń fẹ́ níbẹ̀, 6 sí 9, àwọn tí mo lè fọkàn tán.

Ti Ilara-Mọ̀kín, nítòsí Àkúrẹ́, tún jẹ́ ti ara rẹ̀. Olóyè Michael Adé-Òjó ló fi ihò 18 Smokin' Hills síbẹ̀, láàárín àwọn òkè ìlú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á wà lókè, èkejì á wà nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù á ga ju ẹsẹ̀ rẹ lọ tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ̀ bóyá irin rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ga tí ọwọ́ rẹ̀ sì kúrú nílò irin tó túbọ̀ dúró ṣánṣán. Ẹni tó kúrú nílò èyí tó túbọ̀ dùbúlẹ̀. Bí etí irin tó jìnnà sí ọ̀pá bá ga kúrò nílẹ̀ jù nígbà tí o bá ń gbá a, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá á máa lọ sósì. Lẹ́ téèpù mọ́ abẹ́ irin, gbá bọ́ọ̀lù lórí pákó, kí o wo ibi tó ti họ. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ti ọ̀pá, èyí tí wọ́n fi irin ṣe máa ń wúwo tó gíráàmù 95 sí 130. Èyí tí wọ́n fi graphite ṣe lè jẹ́ 60 tàbí 70. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí èjìká ń dùn, graphite ni kí ẹ rà fún wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ti obìnrin ni.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, kò sì burú. Ẹ fi èékánná wo àwọn ìlà ojú irin bóyá wọ́n ṣì jìn. Bí ti wẹ́ẹ̀jì bá ti parẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá ti wọ orí irin, kí ó má ṣe mì. Rọ́bà ìdìmú tó ti gan nínú oòrùn kì í ṣe ìṣòro, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kúkú yan èyí tó ní okùn nínú, nítorí òógùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fún kádì tó mọ ìgbá yín ní irin náà kó wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí mọ yáàdì wa jù wá lọ. Bí ó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ má mú seven, six ni kí ẹ mú," ẹ fetí sí i, torí pé ó ti ń wo bọ́ọ̀lù yín látọjọ́ yìí wá.

Báàgì tí n ó dì fún ẹni tó ń gbá ní Ìbàdàn tàbí Èkó rèé: irin ẹ̀yìn-jíjìn láti 5 dé 9, tí abẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ jù tí kò sì tín-ín-rín jù, wẹ́ẹ̀jì tó bá ìdì náà wá, òmíràn tí dígírì rẹ̀ jẹ́ 49 tàbí 50 láti dí àlàfo, àti wẹ́ẹ̀jì iyanrìn 56. Wẹ́ẹ̀jì iyanrìn yìí, méjì ni kí ẹ rà, tòkunbọ̀ ni o. Kí ọ̀kan ní bounce 14 fún òjò, kí èkejì ní 8 fún ọyẹ́. Òfin ní 14 ni kó wà nínú báàgì, kò ní kó má pààrọ̀ láti oṣù dé oṣù. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ẹ yọ èyí tó jẹ́ 8, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo díẹ̀ pa á lára, ẹ fi aṣọ wé e títí di oṣù Kọkànlá.